Ọ̀pá Nìkan

Ọjọ́ Ajé ni Oyèlékè gbé ìbọn rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Okokomaiko. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Ọdún méjìlá ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run kó fi ọkùnrin yìí lé mi lọ́wọ́ níbi tí kò ti ní rí ibi sá sí, àfi bó ṣe fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, tó gbé àpò ìbọn lé tábìlì mi, tó ní, "Àsánì, iṣẹ́ ń lọ bí?" Bí ẹni pé àná la jọ jẹun tán.

Mo pa ẹ̀rọ léèdì. Ṣáàfù jẹnẹrétọ̀ oníbàárà mi kan láti Ọjà Àlàbá ni mò ń fá lórí rẹ̀, irin gbígbóná ṣì ń já bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni mo wí.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ló fi jù mí lọ, ìyá mi ò sì kọ́ mi ní àrífín. Ṣùgbọ́n bí ẹnu mi ṣe ń kí i náà ni inú mi ń gbẹ́ sàréè rẹ̀.

Ìdí tó fi wá sọ́dọ̀ mi kò jìnnà. Bàbá mi ló fi iṣẹ́ ìbọn lé mi lọ́wọ́ ní Imàsàyí, nígbà tí mo dé Èkó ni mo fi ẹ̀rọ léèdì kún un. Ìwé àṣẹ mi wà lára ògiri, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé á rí i. Láti Ọ̀jọ́ dé Ìbá lónìí, èmi nìkan ló kù tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti tún ìbọn ọdẹ ṣe. Àwọn méjì tó ṣáájú mi ti kú. Ká ní ọ̀kan nínú wọn wà láyé ni, Oyèlékè ì bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, kó sì tutọ́ sílẹ̀.

Ó tú àpò náà. Ìbọn ẹlẹ́nu kan ni, irú èyí tí a máa ń ká láàárín ká tó ki ọta sí i. Ìpẹtà ti jẹ ọ̀pá rẹ̀ wọnú, ó ti wú níbì kan. Ó ti ra ọ̀pá tuntun, ìwé rẹ̀ pé. Mo ká ìbọn náà, mo wo inú rẹ̀. Ìkọ́ tó yẹ kó di ọ̀pá mú mọ́ ìdí ìbọn ti jẹ. Mo fi ìka tì í, ó mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ.

"Ìkọ́ yìí ti jẹ, sà," mo ní. "Píìnì tó gbé e ró náà ti jẹ. Ọ̀pá tuntun lórí ìkọ́ bí èyí, ewu ni."

"Ọ̀pá nìkan," ó ní. "Bá mi yí ọ̀pá, fi ìyókù sílẹ̀. Sátidé ni mo fẹ́ lò ó."

Ọwọ́ mi dúró lórí ìbọn náà. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi lọ́dún méjìlá sẹ́yìn gan-an nìyẹn. Ọjọ́ ló yàtọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ló sọ nígbà náà.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ń jẹ mí nínú, ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà náà, Oyèlékè ni olórí ẹgbẹ́ ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò ní Ìbá, èmi náà sì wà nínú ẹgbẹ́. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn olè àgbò ò jẹ́ ká sùn. Ó gbé ọ̀kan nínú ìbọn ẹgbẹ́ wá fún mi kí n yí ọ̀pá rẹ̀. Mo sọ fún un pé ìkọ́ rẹ̀ ti jẹ. Ó ní ọ̀pá nìkan, kí n má fi tìkọ́ dá òun dúró, Jímọ̀ ni òun fẹ́ gbà á. Mo ṣe ohun tó ní kí n ṣe. Mi ò wẹ ara mi mọ́ o. Mo mọ̀ pé ìkọ́ náà ò dára, mo sì jẹ́ kó kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù mi, torí pé olórí ọdẹ ló sọ̀rọ̀, èmi ò sì fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ẹgbẹ́ ọdẹ Ìbá ní àṣà kan. Ẹni tó bá gba ìbọn lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ni yóò kọ́kọ́ yìn ín kó tó fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ ò ju kí ẹnikẹ́ni má baà fi orí ẹlòmíì dán iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wò. Oyèlékè gba ìbọn náà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó fi lé Fọláránmi lọ́wọ́.

Fọláránmi ni ọkọ àbúrò mi, Mùjídàt. Ọmọ Èkìtì ni, káfíńtà ni, ó ń bá ẹgbẹ́ ọdẹ ṣọ́ òru, ó sì máa ń bú sẹ́rìn-ín kó tó sọ àwàdà ara rẹ̀ parí, tí a ò fi ní gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yin ìbọn náà. Ìkọ́ yọ, ìdí ìbọn ṣí sí i lójú. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò nílé ìwòsàn kó tó kú.

Nígbà tí ẹgbẹ́ pe ìpàdé, Oyèlékè fi ahọ́n kan àdá, ó búra. Ó ní òun béèrè gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì ní mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ní òun pa àṣà mọ́, òun yìn ín lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ilé ìlapákó kí òun tó fi lé Fọláránmi lọ́wọ́, kò sì sí ohun tó ṣe òun, pé ohun tó farasin nínú iṣẹ́ mi ló pa á. Èmi ò ní ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni àdéhùn àwa méjèèjì. Wọ́n yọ mí nínú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà. Mùjídàt dìde nínú aṣọ ọ̀fọ̀, ó wò mí, ó ní, "Ọwọ́ yín ló pa á." Láti ọjọ́ yẹn, kò tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ kankan.

Ẹ máa rò ó pé mo ń sọ àsọdùn. Dúsà ló ń tà ní Alaba Rago, èèpo ọkà tí àwọn àgbò ń jẹ. Gbogbo Iléyá ni mo máa ń lọ ra dúsà lọ́wọ́ rẹ̀. Á wọ̀n ọ́n fún mi, á gbé e síwájú mi, á sì kọjú sí oníbàárà tó kàn. Mo ti mú ọmọ mi lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún un lójú ọjà, èmi tí mo gbé e pọ̀n nígbà tó wà ní kékeré. Ó gba orí mi kọjá lọ bu omi. Ọkọ rẹ̀ kú, mo pàdánù àbúrò mi, orúkọ mi bàjẹ́, ẹni tó fà á sì ń jẹ ẹja ní Ìbá, ikùn rẹ̀ ń tóbi sí i. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ẹni náà ló tún wá dúró níwájú mi yìí, tó ní ọ̀pá nìkan.

"Kí ló wà ní Sátidé, sà?" mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọ́n fẹ́ fi mí jẹ Bàbá Ẹgbẹ́. Babájídé ni olórí báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti jẹ Bàbá Ẹgbẹ́, wọn ò ní lè dá nǹkan ṣe lẹ́yìn mi. Bàbá Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbé ìbọn tó dá ṣáká kọ́ èjìká lọ́jọ́ náà. Ta ló tún fẹ́ yìn ín? Mo kàn fẹ́ gbé e kọ́ èjìká ni."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Ó mọ̀ pé ìbọn náà ò ṣe é yìn. Ó mọ̀ ọ́n dájú.

Mo fa ìwé iṣẹ́ mi jáde nínú dúrọ́ọ̀. Lẹ́yìn ikú Fọláránmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwé yẹn, kò sí iṣẹ́ tí mo ń gbà mọ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: *Ìkọ́ ti jẹ, píìnì ti jẹ, mo ti sọ fún oníǹkan. Oníǹkan ní ọ̀pá nìkan.* Mo ka á sí i létí. Mo ní kó fọwọ́ sí i.

Ó wò mí, ó ṣọ́ mi lójú díẹ̀. Mo rò pé ó máa gbé ìbọn rẹ̀, kó sì máa lọ. Ó mú bírò, ó fọwọ́ sí i. "Àsánì, o ò tíì gbàgbé," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ti di àná. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí. "N ó fọwọ́ ara mi gbé e wá bá yín ní pápá ní Sátidé."

Ó jáde. Mo jókòó sórí àpótí mi, mi ò lè padà sídìí ẹ̀rọ. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ìbínú ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo de ọ̀pá náà. Mo ṣe é dáadáa, mi ò ní purọ́. Iṣẹ́ ọ̀pá kì í ṣe eré. Mo fá a, mo wọ̀n ọ́n, mo tún fá a, títí tó fi jókòó pẹ́ẹ́ bí ìdérí ìkòkò. Lẹ́yìn náà mo fi ìka ti ìkọ́. Ó mì. Mo bú sẹ́rìn-ín, èmi nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù, bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò, kí n má ṣe bí ẹni mímọ́ níwájú yín. Mo rò ó pé, kí ni mo tún ń wá kiri? Ọkùnrin yìí ti fọwọ́ sí i pé ọ̀pá nìkan. Bí mo bá fún un ní ohun tó béèrè, ta ni yóò mú mi? Kí n ṣáà dákẹ́ ni. Lọ́jọ́ kan, olè á fo ògiri, Oyèlékè á gbàgbé ara rẹ̀, á yin ìbọn náà, ìkọ́ á yọ, ìdí ìbọn á ṣí sí i lójú bó ṣe ṣí sí Fọláránmi. Mo rí i kedere. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lára bùbá funfun rẹ̀. Mo tilẹ̀ rí ara mi níbi ìsìnkú rẹ̀, mo jókòó, mo ń jẹ ẹran.

Odindi Ọjọ́rú, mi ò fọwọ́ kan ìbọn náà. Mò ń ṣiṣẹ́ mìíràn, mò ń wò ó lórí pẹpẹ. Bí mo bá ti wò ó, n ó tún padà síbi ìsìnkú yẹn lọ jẹ ẹran díẹ̀ sí i. Ó dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní tan yín.

Ibi ìsìnkú yẹn náà ló wá já mi kulẹ̀. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo wà níbẹ̀ nínú ìrònú mi, mo ń họ egungun, ni mo gbọ́ ohun tí àwọn tó jókòó tì mí ń sọ. Ẹnìkan ní, "Ta ló tún ìbọn náà ṣe?" Èkejì dá a lóhùn, "Àsánì ni. Ẹni tó pa ọkọ àbúrò rẹ̀ nígbà kan." Mo wo ara ògiri, mo rí àwòrán Oyèlékè tí wọ́n lẹ̀ káàkiri Ìbá, wọ́n kọ "Bàbá rere" sábẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń sunkún rẹ̀. Ikú á ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Mùjídàt á sì jókòó sídìí dúsà rẹ̀ ní Alaba Rago, á ní, "Ẹ ò rí nǹkan? Ọwọ́ rẹ̀ tún ti pa ẹlòmíì."

Mo ju ìrònú yẹn nù bí ẹni ju egungun. Ta ló fẹ́ kí ọkùnrin yìí kú ikú ẹ̀yẹ? Èmi kọ́.

Mo gbé ìbọn náà sẹ́nu fáìsì tó ń di irin mú, mo yọ ìkọ́ tó jẹ kúrò. Mo fi irin tó le ṣe òmíràn. Mo pààrọ̀ píìnì. Láti ẹnu ọ̀pá dé ibi tí ìka ń fà, kò sí ibi tí ọwọ́ mi ò dé. Láti Ọjọ́bọ̀ di ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ni mo fi ṣe é, bàbá mi pàápàá ò ní rí ibi bu ẹnu àtẹ́ lù. Nígbà tí mo parí, mo fi ìka ti ìkọ́, kò mira. Mo wá fi èédú àti òróró ra á lára títí tó fi dúdú, tó rí jákujàku bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá wò ó lókèèrè á ní ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Kì í ṣe àánú ló mú mi ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ ni kí Oyèlékè dúró níwájú gbogbo ẹgbẹ́, pẹ̀lú ìbọn tó rò pé yóò pa òun lọ́wọ́, kí wọ́n ní kó yìn ín. Ẹ̀rù tó bá bà á nìkan ló lè sọ ohun tó ṣe lọ́jọ́sí, torí èmi ti sọ ọ́ títí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ó bá gbójú, tó yìn ín, mo gbé. Ìbọn á dún, kò ní sí ohun tó máa ṣe é, á di Bàbá Ẹgbẹ́. Ìwé iṣẹ́ mi á sì jẹ́rìí pé ọ̀pá nìkan kì í pa èèyàn. Mùjídàt á gbà títí ayé pé èmi ni mo pa ọkọ òun. Gbogbo ohun tó kù fún mi láyé ni mo gbé lé orí ojo Oyèlékè. Bí ó bá jẹ́ akọni, mo ti tán.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì náà, mo lọ bá Babájídé. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ohun méjì ni mo bẹ̀ ẹ́ fún: kó rántí àṣà ẹgbẹ́ ní Sátidé, kó sì pe àwọn opó ọdẹ, nítorí wọ́n ní ìjókòó nígbà tí a bá ń fi Bàbá Ẹgbẹ́ jẹ. Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa.

Láago mẹ́wàá òwúrọ̀ Sátidé, àwọn ọdẹ tí wọ́n pé jọ ní pápá ẹ̀yìn ilé ìlapákó ní Ìbá tó ọgbọ̀n. Ó ti tó ọdún méjìlá tí mo ti dé ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Àwọn kan yí ojú kúrò lára mi. Mùjídàt wà lórí bẹ́ǹṣì àwọn opó, ó gbé àpò dúsà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́ gbé e lọ fún oníbàárà kan láti ibẹ̀. Kò wò mí.

Oyèlékè wọ bùbá funfun. Bùbá tí mo rí nínú ìrònú mi gan-an ni, ó ya èmi alára lẹ́nu.

Mo gbé ìbọn fún un níṣojú gbogbo wọn. Ó ká a wò, ojú rẹ̀ lọ tààrà síbi ìkọ́. Ó rí èédú.

"O ṣe é bí mo ṣe wí?" ó bi mí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ọ̀pá nìkan lẹ ní kí n ṣe, sà. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí rèé." Mo fi ìwé náà lé Babájídé lọ́wọ́. Mi ò purọ́. Ohun tó ní kí n ṣe ni mo sọ, mi ò sọ ohun tí mo ṣe.

Babájídé ka ìwé náà sókè. Ìkọ́ ti jẹ. Píìnì ti jẹ. Oníǹkan ní ọ̀pá nìkan. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú.

"Ó dáa," Babájídé ní. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ẹ̀yin náà ni ẹ ó kọ́kọ́ yìn ín. Ẹ ti mọ àṣà."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe ètò tán ná."

"Àṣà ló ṣáájú ètò, Bàbá."

Babájídé na ọta kan sí i. Oyèlékè gbà á. Ó ká ìbọn, ó ki ọta náà sí i, ó pa á dé. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe bí ẹni tí ẹyin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìbọn dé àyà, ó sì dúró. Mò ń sọ nínú mi pé, ọkùnrin yìí, jọ̀ọ́, má gbójú. Má gbójú lónìí.

Ó gbé e dé èjìká. Ìdí ìbọn kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó di ojú méjèèjì. Mo rò pé ó ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò tíì mú. Ó wá wo ẹ̀yìn, ó rí ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ kékeré, Akínkúnmi, tó dúró nítòsí. Ó na ìbọn sí i.

"Èjìká ń dùn mí," ó ní. "Akínkúnmi, wá, bá mi yìn ín."

Akínkúnmi fà sẹ́yìn, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn ara rẹ̀.

Mùjídàt ló dìde. Kò pariwo rárá.

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe pe ọkọ mi," ó ní. "Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ní, 'Fọláránmi, èjìká ń dùn mí, wá gba èyí.' Mo rò pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ni ẹ ṣe fún un ní ìbọn tuntun."

"Mùjídàt, jókòó."

"Ṣé ẹ yìn ín kí ẹ tó fún un?"

"Mo ti búra lórí ọ̀rọ̀ yẹn."

"Mo mọ̀ pé ẹ búra. Mo ní, ṣé ẹ yìn ín?"

Oyèlékè wo ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ẹgbẹ́, ó wo èmi. Mo wò ó padà. Ọdún méjìlá ni mo kó jọ sínú ojú mi, gbogbo rẹ̀ ni mo sì fi wò ó.

"Ìkọ́ yìí ti jẹ," ó ní. "Ta ni yóò yin ìbọn tí ìkọ́ rẹ̀ jẹ báyìí? Ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

"Tìgbà yẹn náà jẹ," ni mo wí. "Mo sọ fún yín pé ó jẹ."

"O sọ ọ́," ó ní. Ó jọ pé kò mọ̀ pé ó ti bọ́ lẹ́nu òun. Ó wá mọ̀. Ó di bẹ́ǹṣì mú. "Mi ò yìn ín," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. "Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé bóyá kò ní ṣe nǹkan kan."

Àgbà kan nínú wọn gbé ọwọ́ lé orí. Babájídé ní kí Oyèlékè ṣí fìlà. Ó ṣí i. Èmi ò dúró síbẹ̀. Mo lọ gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọjú sí àbàtà, níbi tí èèyàn kì í dé, mo gbé e lé èjìká mi. Mo gbọ́ tí Babájídé ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo yìn ín.

Ó dún dáadáa. Àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí àbàtà. Ojú mi wà níbi tó wà, ọwọ́ mi wà níbi tó wà. Mo ká a, mo fi etí aṣọ mi nu ìkọ́ náà, èédú kúrò, irin tuntun ń dán lójú gbogbo wọn.

"Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe," mo sọ fún Oyèlékè, mo sì gbé ìbọn náà lé e lọ́wọ́. "Kò sí ohun tí ì bá ṣe yín, sà. Ká ní ẹ yìn ín ni, ẹ̀yin ni Bàbá Ẹgbẹ́ báyìí."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bùbá funfun rẹ̀. Mo ti rò pé inú mi máa dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn ṣá. Mi ò ní sọ pé kò dùn.

Mo ti ń lọ síbi tí mo gbé ọ̀kadà mi sí nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Mùjídàt ni, ó wọ́ àpò dúsà rẹ̀ tẹ̀lé mi. Ó dúró, èmi náà dúró. Mi ò mọ ohun tí màá fi ọwọ́ mi ṣe.

"Ìgbà wo lẹ tún ìkọ́ rẹ̀ ṣe?" ó bi mí.

"Ọjọ́bọ̀."

Ó wo ẹ̀yìn, síbi tí Oyèlékè jókòó sí láàárín àwọn èèyàn. Ó wò ó pẹ́.

"Bọ̀dá mi," ó ní, "ẹ ò bá ti fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

Ọdún méjìlá ni mo fi retí kó pè mí ní Bọ̀dá. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí yóò tẹ̀lé e nìyẹn. Ó sì jọ pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó tún lè jẹ́.

"Òkú ò mọ ìtìjú, Mùjídàt," mo ní. "Mo fẹ́ kó mọ̀ ọ́n."

Ó rò ó wò. Kò sọ pé mo jàre, kò sọ pé mo jẹ̀bi. Ó ká òṣùká rẹ̀, ó gbé e lé orí, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú mi.

"Ẹ bá mi gbé e rù," ó ní.

Mo gbé e rù ú. Àpò náà ti ya létí, dúsà dà sí mi láyà, mi ò gbọ̀n ọ́n dànù títí mo fi dé Okokomaiko.